Orúkọ Dádì Ọ̀yọ́ Lórí Ètò Ata Ìrẹsà

Nínú ẹbí Ọlọ́runnísọ̀lá, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ ọmọ kan lórúkọ tí Ebenezer kò fi tirẹ̀ kún un. Bí wọ́n bá bímọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, yóò wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ wá. Bí wọ́n bá bí i sí Kàdúná, yóò fi fóònù pè wọ́n, yóò ní kí wọ́n gbé òun sórí sípíkà, kí àwọn àna lè gbọ́ bí òun ṣe ń túmọ̀ orúkọ náà. Àwọn ọmọ a máa jẹ́ orúkọ tí ìyá àti bàbá wọn pè wọ́n. Èyí tí Ebenezer fún wọn a wà nínú ìwé ìbí, lápá ìsàlẹ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé. Ìyẹn kò dùn ún rárá. Ohun tó ká a lára ni kí orúkọ òun ṣáà ti wà níbẹ̀.

Kí a má dá a lẹ́bi jù, ó jogún ún ni. Bàbá àgbà wọn ló máa ń gbé àpótí fún òyìnbó míṣọ́nnárì kan tó ti Amẹ́ríkà wá dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ládùúgbò wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ìtàn náà fi máa dé ẹnu bàbá wọn, bàbá àgbà ti di akọ̀wé òyìnbó. Nígbà tó fi máa dé ẹnu Ebenezer, ó ku díẹ̀ kó jẹ́ pé òyìnbó ló ń gbé àpótí fún bàbá àgbà.

Ọwọ́dé, nílùú Ọ̀yọ́, ni Ebenezer ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sí. Yàrá kan ni, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń wúkọ́ dáadáa kó tó dáhùn. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé ló ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán sára káàdì ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n pátákó iwájú ilé sọ pé: "Ẹnjiníà E. O. Ọlọ́runnísọ̀lá, Ògbóǹtarìgì Nínú Java." Java yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ebenezer kọ́ ọ nígbà kan lóòótọ́. Ó gbọ́ ọ bí ẹni tó gbé Kútọnu fúngbà díẹ̀ ṣe ń gbọ́ Faransé: ó lè kí ènìyàn, ó lè béèrè omi, àmọ́ kí wọ́n má bá a dúró jà.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Fọláhànmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, pè é lórí fóònù, ṣe ni inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà.

"Dádì Ọ̀yọ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ mọ Maven?"

"Èmi?" ni Ebenezer wí, bí ìgbà tí wọ́n bi í bóyá ó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. "Ta ló rán ọ pé kí o wá bi mí bẹ́ẹ̀?"

Kò mọ̀ ọ́n. Ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ ṣá.

Ọdún tó kẹ́yìn ni Fọláhànmí wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Ògbómọ̀ṣọ́, ètò kọ̀ǹpútà tí yóò fi gboyè ló ń kọ lọ́wọ́. Mátíù, bàbá rẹ̀, ló ń fi ọkọ̀ kó ata láti Ìrẹsà wá sí ọjà Takie níbẹ̀. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń rí i pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo àgbẹ̀ máa ń ká ata, ata á wá kún Takie fọ́fọ́, iye rẹ̀ á sì jábọ́. Ètò tó ń kọ yìí ni kí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa fi fóònù sọ iye agbọ̀n tó fẹ́ ká, kí ẹ̀rọ sì pín ọjọ́ fún wọn. Ẹni tó bá ń kọ irú nǹkan báyìí kì í dá gbogbo rẹ̀ kọ. Àwọn ẹ̀yà kan wà tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, èyí tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Ṣe lèèyàn á mú wọn, á so wọ́n mọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ ni Fọláhànmí fi ń ṣa wọ́n jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá wá gbé iṣẹ́ náà dé orí ẹ̀rọ mìíràn, ẹ̀yà kan á ti sọ nù, iṣẹ́ á kọ̀, kò ní jí. Ni olùkọ́ rẹ̀ bá ní kó lọ gbé Maven sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Irinṣẹ́ tí à ń rán níṣẹ́ ni Maven: èèyàn á sọ ẹ̀yà tí òun nílò fún un, òun fúnra rẹ̀ á wá a lọ, á wá èyí tí ẹ̀yà yẹn náà nílò pẹ̀lú, á kó gbogbo rẹ̀ wálé, á sì so wọ́n pọ̀. Bí àwọn olùdánwò bá gbé iṣẹ́ náà sórí ẹ̀rọ tiwọn, á jí lọ́dọ̀ tiwọn náà.

"Má dá ara ẹ láàmú," ni Ebenezer sọ. "Mò ń bọ̀ fúnra mi."

Ẹ̀yìn Takie ni ilé Olúyẹ́misí, ìyá Fọláhànmí, wà. Ike ló ń tà: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, àti kẹ́ẹ̀gì. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bí àbúrò rẹ̀, kó tó fẹ́ Mátíù tó sì bá a wọ aṣọ funfun lọ sí ìjọ Aládùúrà. Ebenezer kò tíì dárí jì í tán.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹnjiníà, káàbọ̀. Ṣé kí n gbé oúnjẹ wá?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná. Iṣẹ́ yìí fẹ́ orí pípé."

"Bí iṣẹ́ bá ti le tó kí ìwọ kọ oúnjẹ, a jẹ́ pé ó le lóòótọ́."

Ó jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù Fọláhànmí, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Inú fíláàṣì ló kó Java àti Maven sí wá. Ó gbé wọn sórí ẹ̀rọ. Ó wá ku kó júwe ilé Java fún Maven, nítorí pé Maven kò lè ṣe ohunkóhun bí kò bá mọ ibi tí Java ń gbé. Ó júwe rẹ̀. Ó ní kí Maven dáhùn. Maven fèsì pé ibi tí wọ́n júwe fún òun yẹn, kì í ṣe ilé Java.

Ó tún un tẹ̀. Èsì kan náà ló gbà.

"Láptọ́ọ̀pù yìí ti gbó," ni Ebenezer wí.

"Èṣí la rà á, sà."

"Ẹ ń ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn jàgùdà. Ta ló tà á fún yín?"

Fọláhànmí wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Dádì Ọ̀yọ́."

Olúyẹ́misí wọ inú ilé lọ, ó lọ rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ebenezer dìde, ó ní inú ń run òun díẹ̀, ó di ilé ìyàgbẹ́ ẹ̀yìnkùlé, tòun ti fóònù rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kà á pé ilé ló yẹ kí òun júwe, pé yàrá kan nínú ilé náà ni òun júwe. Nígbà tó padà dé, ó yọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kúrò níparí ohun tó tẹ̀, Maven sì dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ṣé inú ọ̀hún ti fúyẹ́?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Ó ti fúyẹ́, mà."

"Ó hàn lójú ẹ."

Báyìí ló ṣe kù kí wọ́n dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ nínú Maven, kí Fọláhànmí lè kó ohun tó ti kọ síbẹ̀. Maven a máa béèrè ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lọ́wọ́ ẹni tó bá ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ló pè ní groupId, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju pé: ta ló ni iṣẹ́ yìí? Ó béèrè, ó dúró, ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú níbi tí ìdáhùn yẹ kó wà.

Ẹni tó bá ti ń sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ láti ìgbà èwe rẹ̀, ẹ má bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Ebenezer ti lọ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ báyìí: ng.olorunnisola.ebenezer.

Fọláhànmí bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Dádì Ọ̀yọ́, ṣé kì í ṣe orúkọ tèmi ló yẹ kó wà níbẹ̀, sà?"

"Àdírẹ́sì lásán ni. Orúkọ àgbà ló ń ṣíwájú, kí ẹ̀rọ lè máa bọ̀wọ̀ fún un."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ọmọ ṣe ń rẹ́rìn-ín bí àgbà bá dápàárá. Ebenezer ń dáhùn ìbéèrè tó kù ní wàràwàrà. Nígbà tí Maven béèrè pé ṣé kí òun máa fi orúkọ yẹn kan náà ṣe àkọlé ibi tí gbogbo iṣẹ́ náà máa wà, ó fi ìka tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Báyìí ló ṣe jẹ́ pé gbogbo ojú ìwé tí Fọláhànmí fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ, bó ṣe ń wọ ilé tuntun rẹ̀, ń gba orúkọ Ebenezer síwájú orí.

Lẹ́yìn náà ni Maven bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀yà wálé. Ìlà ń gorí ìlà lójú ẹ̀rọ, dátà orí fóònù Ebenezer ń lọ bí omi nínú ajádìí kẹ́ẹ̀gì. Olúyẹ́misí jáde wá wò ó.

"Níbo ló ti ń kó gbogbo eléyìí bọ̀?"

"Amẹ́ríkà," ni Ebenezer wí, ó na ọrùn. "Níbi tí òyìnbó bàbá àgbà ti wá."

"Ó dáa. Ṣé ìwọ náà lo máa gbé àpótí wọn?"

Nígbà tó yá, BUILD SUCCESS hàn gàdàgbà lójú ẹ̀rọ: gbogbo rẹ̀ ti so pọ̀, iṣẹ́ ti jí. Fọláhànmí kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí. Ebenezer ya àwòrán ojú ẹ̀rọ náà.

Ọkọ̀ tó gbé e padà sí Ọ̀yọ́ kò tíì kún tán ní Takie tó ti gbé àwòrán náà sórí Fesibúùkù. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ nìyí: "Iṣẹ́ mi tuntun. Ètò tí yóò gba àwọn àgbẹ̀ Ìrẹsà lọ́wọ́ òfò. Ọlọ́run nìkan ló ni ògo." Ó dá a lójú pé òun kò jalè. Ṣebí ó ti gbé ògo náà fún Ọlọ́run. Bí ẹnì kan bá sì ti fi ògo fún Ọlọ́run, ta ló tún máa béèrè pé lọ́wọ́ ta ló ti gbà á?

Kí wọ́n tó kọjá Odò Ọbà, àwọn ènìyàn ti ń kí i. Pásítọ̀ ìjọ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ kọ ọ́ pé, "Ẹnjiníà wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun." Ẹgbẹ́ Àwọn Ọkùnrin ìjọ náà ní àwọn á fún un ní àmì ẹ̀yẹ lọ́jọ́ ọdún wọn. Ó ń ka gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, títí ojú rẹ̀ fi bọ́ sórí ọ̀kan tó kúrú láàárín wọn. Fọláhànmí ló kọ ọ́: "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Ó yí ojú sí fèrèsé, ó ń wo igbó.

Oúnjẹ ọ̀sán ló ń jẹ ní Ọwọ́dé lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é.

"Ebenezer."

Kò pè é ní Ẹnjiníà. Ebenezer gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Kí lo kọ sórí iṣẹ́ ọmọ mi?"

"Iṣẹ́ wo, mà?"

"Má bi mí pé iṣẹ́ wo. Àwọn olùdánwò gbé iṣẹ́ náà sórí ẹ̀rọ wọn lónìí. Wọ́n ní ó jí kíá, wọ́n ní kò sí ohun tó sọ nù. Àmọ́ orúkọ ẹ ló wà níwájú gbogbo ẹ̀, láti òkè délẹ̀. Wọ́n wá ẹ lọ sórí Fesibúùkù, wọ́n rí ibi tí o ti ń pe iṣẹ́ náà ní tìẹ. Wọ́n ní Fọláhànmí sanwó fún ẹ kí o bá a kọ ọ́ ni. Wọ́n ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní gbà á, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n lé e kúrò nílé ẹ̀kọ́."

"Kí ló dé tí kò ṣàlàyé fún wọn?"

"Wọ́n bi í pé ta ni ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní dádì òun ni. Wọ́n wo ìwé ẹ̀, wọ́n rí i pé Mátíù ni bàbá ẹ̀ ń jẹ́. Wọ́n ní ó tún purọ́ lé e." Ohùn Olúyẹ́misí rọlẹ̀. "Èmi náà bi í pé kí ló dé tí kò sọ bó ṣe jẹ́. Ó ní báwo ni òun ṣe máa dúró níwájú àjèjì, kí òun máa sọ pé Dádì Ọ̀yọ́ purọ́?"

Ebenezer fi ọwọ́ ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn.

"Wọ́n ní kí ẹni tó lórúkọ wá fúnra ẹ̀ lọ́la," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. "Èmi ò bẹ̀ ẹ́ o. Mò ń sọ fún ẹ ni."

Oúnjẹ náà tutù síbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n já irọ́ rẹ̀ ló ń dun Ebenezer jù. Ọmọ tó já irọ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó já a ló ń dùn ún, tó rí i lórí Fesibúùkù, tó kí i kú iṣẹ́, tó sì ń gbé e pamọ́ fún un báyìí bí ẹni di aṣọ mọ́ ìhòòhò bàbá rẹ̀.

Síbẹ̀, ènìyàn ni ènìyàn. Nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń wá ọ̀nà tí ọmọ fi máa bọ́ tí iyì òun náà kò fi ní bọ́. Nígbà tí wọ́n ń kúrò ní Ọ̀yọ́, ohun tó fẹ́ lọ sọ ni pé àwọn méjèèjì jọ kọ ọ́ ni. Lójú ọ̀nà, ó dín in kù: ọmọ ló kọ ọ́, òun ló tún un ṣe. Ní Odò Ọbà, ó ti di ìmọ̀ràn díẹ̀. Ìtàn bàbá àgbà ń sanra bó ṣe ń rìn ni. Ti Ebenezer ń rù. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀ ní Takie, díẹ̀ ṣì kù lára rẹ̀ tí kò lè jù nù.

Yàrá kékeré kan ni wọ́n ti pàdé. Dókítà Haneefah ni olórí àwọn olùdánwò náà, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ọ̀gbẹ́ni Mashood jókòó tì í, láptọ́ọ̀pù wà níwájú rẹ̀. Fọláhànmí wà lórí àga kan lẹ́bàá ògiri. Bó ṣe rí Ebenezer, ó dìde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Ì bá sàn kí ó má kúnlẹ̀.

"Ẹ jókòó, Ẹnjiníà," ni Dókítà Haneefah sọ. "A dúpẹ́ pé ẹ wá. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ètò yìí?"

"Mo kàn... mo tọ́ ọmọ náà sọ́nà díẹ̀ ni, mà."

Obìnrin náà wo Mashood. "A jẹ́ pé ọwọ́ yín wà nínú ẹ̀."

"Díẹ̀, mà. Díẹ̀ náà ni."

Fọláhànmí kò gbójú sókè. Ó ń fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ àga.

Mashood yí láptọ́ọ̀pù náà sí Ebenezer. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibí yìí. Bí àgbẹ̀ méjì bá fẹ́ kó ata wá lọ́jọ́ kan náà, tí ọjọ́ yẹn sì ti kún, báwo ni ètò yìí ṣe ń mọ èyí tó máa sún sí ọjọ́ kejì?"

Ebenezer wò ó. Java tó gbọ́ yẹn tó kó mọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Ó rí ibi tí wọ́n ti ń fi nǹkan méjì wéra. Bóyá agbọ̀n ni. Bóyá ẹni tí agbọ̀n rẹ̀ kéré ni wọ́n ń sún. Ìdáhùn náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó tilẹ̀ ti la ẹnu. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kò sí ìbéèrè kan tí wọ́n bi í rí tí kò fún ní ìdáhùn, ì báà jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ.

Ìgbà náà ló wá yé e. Bó bá dáhùn, tó sì ṣe kòńgẹ́, ó ti pa ọmọ náà. Ohun kan ṣoṣo tó lè yọ Fọláhànmí ni pé kí Ebenezer má mọ̀ ọ́n. Àìmọ̀ tó ti ń fi pátákó bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, òun nìkan ló wúlò nínú gbogbo ẹrù tó gbé wá láti Ọ̀yọ́.

Ó pa ẹnu dé. Ó tún un là.

"N ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ rọra wò ó, sà. A ò kánjú."

"Mo ti wò ó. N ò mọ̀ ọ́n. N ò ka ibẹ̀ rí. N ò ka ìkankan nínú ẹ̀ rí."

Dókítà Haneefah yí sí ẹ̀bá ògiri. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹni tí ọ̀nà oko ẹ̀ jìn jù ni a kì í sún, mà," ni Fọláhànmí sọ. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀, ó wá ń yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Bí ọkọ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, kì í lè padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó wà létí títì, wọ́n lè fi ọ̀kadà gbé tiwọn wá. Mo kọ́kọ́ fi iye agbọ̀n ṣe é, mà, bàbá mi ló ní yóò dá ìjà sílẹ̀."

Mashood mi orí. Ebenezer náà mi tirẹ̀ nínú ọkàn: agbọ̀n ni òun ì bá sọ.

"Kí ló wá gbé orúkọ yín débẹ̀?" ni Dókítà Haneefah béèrè.

"Maven ló béèrè, mà. Èmi ni mo bá a gbé Maven sórí ẹ̀rọ. Nígbà tó béèrè pé ta ló niṣẹ́, mo fi orúkọ tèmi sí i. Ọmọ náà sọ fún mi pé tòun ló yẹ. Mo fi àgbà gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Nílé wa, èmi ni mo máa ń fún àwọn ọmọ lórúkọ."

Mashood kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ bí wọn, sà."

"Rárá, sà. Èmi kọ́ ni mo bí wọn."

"Èyí tó wà lórí Fesibúùkù ńkọ́?"

"Irọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Dókítà Haneefah wò ó fúngbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ṣì fẹ́ fi nǹkan lé e. Kò fi nǹkan lé e. Obìnrin náà wá sọ fún Fọláhànmí pé kó lọ tún orúkọ náà ṣe, kó sì padà wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ìgbìmọ̀. Pé bó bá dáhùn bó ṣe dáhùn lónìí, kò sí ìyọnu. Ó yí sí Ebenezer. "Ẹ̀yin náà, sà, ẹ bá wa tún èyí tí ẹ kọ síta ṣe. Àwa nìkan kọ́ la rí i."

Abẹ́ igi dongóyárò kan ni àwọn méjèèjì dúró sí níta.

"Ẹ ṣeun, Dádì Ọ̀yọ́," ni Fọláhànmí sọ.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ẹ ì bá má wá, sà."

Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà jọ láti inú yàrá, àmọ́ àgbà kì í mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ tó sọ lórúkọ. Ó béèrè ohun mìíràn dípò rẹ̀. "Orúkọ wo lo máa wá fi síbẹ̀?"

"Tèmi ni, sà." Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ má bínú."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ebenezer gbé wọkọ̀ ní Takie. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń bẹ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde kí ọkọ̀ tó kún. Èyí tó kọ́kọ́ kọ gùn: àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí, ìwúrí, "lábẹ́ ìtọ́sọ́nà mi". Ó wo ìtọ́sọ́nà yẹn títí, ó pa á rẹ́. Ó tún òmíràn kọ, ó pa á rẹ́. Èyí tó wá gbé síta nìyí: "Irọ́ ni mo pa. Fọláhànmí ọmọ Mátíù ló dá ètò àwọn àgbẹ̀ Ìrẹsà kọ. N ò mọ ohunkóhun nínú ẹ̀. Maven nìkan ni mo bá a gbé sórí ẹ̀rọ."

Ó fi fóònù sórí itan, ó di ojú, ó ń retí èébú.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀," ni ẹni àkọ́kọ́ kọ. Òmíràn ní, "Ẹni ńlá ló ń gbé ọmọdé ga." Òmíràn tí kò mọ̀ rí ní, "Olùkọ́ gidi kì í gba ògo. Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà." Ebenezer ń kà wọ́n, nǹkan kan sì ń dùn díẹ̀díẹ̀ láyà rẹ̀, adùn tó mọ̀ dáadáa. Nígbà tó mọ ohun tí adùn náà jẹ́, ẹ̀rù bà á ju ti yàrá olùdánwò lọ.

Ó pe pásítọ̀ rẹ̀.

"Pásítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ohun tí mo kọ yẹn, òótọ́ ni o. Mo purọ́ ni."

"A mọ̀, Ẹnjiníà. A ti kà á."

"Rárá, sà. Irọ́ pọ́nńbélé. Ẹ bá mi sọ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Ọkùnrin kí wọ́n má fún mi ní nǹkan kan."

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó," ni pásítọ̀ wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Irú ọkàn báyìí gan-an la ń wá. A máa ní kí ẹ jẹ́rìí sí i lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó gbé àmì ẹ̀yẹ lé yín lọ́wọ́."

"N ò ní gbà á, Pásítọ̀."

"Ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí náà nìyẹn."

Pásítọ̀ gbàdúrà fún un, ó sì pa fóònù. Ọkọ̀ ti gbéra. Ebenezer padà sórí ohun tó kọ, ó ń fi ìka yí i lọ sísàlẹ̀, ó ń kọjá gbogbo àwọn tó ń yìn ín. Nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kúrú láàárín wọn. Fọláhànmí ló kọ ọ́: "Mo ti rí i, sà. Ẹ ṣeun."

Ó kà á, ó tún un kà. Nínú gbogbo wọn, ọmọ náà nìkan ló gba ohun tí Ebenezer kọ gbọ́.